A Kì Í Dúró De Olè Ká Tó San Owó Ọlọ́dẹ

Ẹ̀yin ènìyàn mi ní Sábó àti káàkiri Kánò! Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná àti ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n ọjà ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè lónìí kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó dà bíi pé kò kàn wá, bẹ́ẹ̀ ó kàn wá gan-an ni. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ìsọ̀, ní ilé ìwé, ní ilé ìwòsàn àti ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ bi yín léèrè kan. Ta ni nínú wa tó máa ń pe mégáàdì ilé rẹ̀ lópin oṣù, tí yóò sọ fún un pé, "Olè ò wá lóṣù yìí, nítorí náà mi ò ní san owó rẹ"? Kò sí. Bí olè kò bá wá, inú wa a dùn, a ó san owó mégáàdì, a ó sì fi ẹran Iléyá lé e. A mọ̀ pé nítorí pé ó wà níbẹ̀ ni olè kò fi wá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà tí gbogbo owó wa, gbogbo gbèsè tí wọ́n jẹ wá àti gbogbo orúkọ oníbàárà wa wà nínú rẹ̀, òun là ń sọ fún pé, "Kí ló bàjẹ́ tí o fẹ́ gba owó?"

Ẹjọ́ kan ló ṣí mi lójú. Wọ́n gbé e wá síwájú ẹgbẹ́ wa. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn méjèèjì ṣì ń jẹun láàárín wa. Oníṣòwò kan ni, tó ń ta ọṣẹ àti ìpara ní páálí-páálí. Ó ní ìsọ̀ méjì nínú ọjà, ó sì ní sítọ́ọ̀ kan lẹ́yìn ọjà. Ọmọ kan tó jáde ní pólì ló bá a so gbogbo kọ̀ǹpútà ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Bí wọ́n bá ta páálí kan ní ìsọ̀, wọn yóò rí i ní sítọ́ọ̀ pé ó ti dín kan. Bí ẹnì kan bá ra ọjà àwìn, orúkọ rẹ̀ àti iye tó jẹ yóò wọlé síbẹ̀. Ọmọ náà ní yàrá kékeré kan tó fi ṣe ọ́fíìsì, ó ní ọmọ iṣẹ́ méjì, adaidaita sahu ló sì ń wọ̀ láti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan dé òmíràn.

Ẹnu lásán ni wọ́n fi ṣe àdéhùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọjà bá rọ̀, ọmọ yìí yóò wá, yóò yẹ gbogbo rẹ̀ wò, yóò sì lọ. Nígbà tó yá, ó ní kí ọ̀gá náà jẹ́ kí àwọn máa ní iye kan lóṣooṣù. Ọ̀gá kọ̀. Ó ní kí nǹkan bàjẹ́ ná, òun yóò pè é. Oṣù mẹ́rin kọjá, òun kò pè é, kò sì san kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló mú ọmọ mìíràn wá tó ní òun yóò ṣe é lówó pọ́ọ́kú. Nígbà tí wọ́n ní kí ti àkọ́kọ́ kó páásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀, inú bí i, kò kó o sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ń bọ̀ ni, ìgbà tí ọjà ń tà jù lọ. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni oníṣòwò yìí kò fi mọ iye páálí tó kù ní sítọ́ọ̀, kò sì mọ ẹni tó jẹ òun.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú wa, oníṣòwò fọhùn. Ó ní, "Alága, ẹ bá mi bi í. Láti bí oṣù mẹ́rin, kí ló bàjẹ́ tó tún ṣe?"

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, iṣẹ́ tí mo ṣe náà ni pé kò bàjẹ́."

Kí n má purọ́ fún yín, a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa lọ́jọ́ náà. Ńṣe ni gbogbo àgbààgbà fi ariwo bo ọmọ náà. A ní àìgbọ́n ni kí ènìyàn ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ mọ́ onísọ̀. Ó kó páásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀ lójú wa, a sì tú ká. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn kò jẹ́ kí n sùn, nítorí èmi náà jẹ ọmọ kan lówó oṣù mẹ́ta nígbà náà, ohun kan náà tí oníṣòwò yẹn sọ ni èmi náà sì ń sọ fún un.

Ìwé girama ni mo kà mọ, n kò kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Nítorí náà mo lọ jókòó ti àwọn ọmọ wọ̀nyí, mo ní kí wọ́n sọ fún mi ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí kò sí ohun tó bàjẹ́. Ohun tí mo gbọ́, tí mo sì fojú rí, ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́.

Àkọ́kọ́ ni ti eruku. Kánò kì í ṣe Ìbàdàn. Bí ọyẹ́ bá dé, iyanrìn aṣálẹ̀ a máa bá a wá, á wọ inú fáànù kọ̀ǹpútà, á dì síbẹ̀ bí òwú. A kò ní mọ̀ nígbà náà, nítorí òtútù wà. Ìgbà tí ooru oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin bá dé ni fáànù tó ti dí kò ní lè fẹ́ atẹ́gùn mọ́, ẹ̀rọ yóò gbóná, yóò sì kú láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Ẹni tó bá tú u, tó fẹ eruku rẹ̀ jáde lẹ́yìn ọyẹ́, ti gba ẹ̀rọ náà là, ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀?

Èkejì ni ti iná. Iná wa máa ń wá tagbára-tagbára, á sì lọ láìdágbére. Bátìrì kékeré tí a fi ń gba kọ̀ǹpútà dúró títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi dáhùn, ìdákẹ́jẹ́ ló máa ń kú. Bí a kò bá dán an wò, ọjọ́ tí iná bá lọ nígbà tí a ń kọ orúkọ sínú ìwé owó ni a ó mọ̀ pé ó ti kú tipẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ti àtúnṣe tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ máa ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí ṣe àpẹẹrẹ fún yín. Ní oṣù Karùn-ún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry jà káàkiri ayé. Ó wọ orílẹ̀-èdè tó lé ní 150. Ibi tó bá wọ̀, á ti gbogbo ìwé inú kọ̀ǹpútà pa, á sì ní kí oníǹkan wá san owó ìràpadà. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlú Ọba pàápàá dá àwọn aláìsàn padà sílé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o: láti oṣù Kẹta ọdún náà ni Microsoft ti fi àtúnṣe tó dí ihò yẹn síta. Ẹni tí olùtọ́jú rẹ̀ ti fi àtúnṣe náà sí i, ihò yẹn ti dí lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ń dúró kí nǹkan bàjẹ́ ni ọ̀ràn bá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Microsoft dá àtìlẹyìn dúró fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Mélòó nínú wa ló bi olùtọ́jú rẹ̀ léèrè pé kí ni ká ṣe sí àwọn ẹ̀rọ wa?

Ẹ̀kẹrin ni ti wáifáì. A máa ń fẹ́ ṣe ọmọlúàbí, oníbàárà á ní, "Ọ̀gá, ẹ fún wa ní wáifáì," a ó sì fún un. A kò mọ̀ pé bí a kò bá pín in sọ́nà méjì, ojú ọ̀nà kan náà tí àlejò gbà wọlé ni ìwé owó wa wà. Páásíwọ́ọ̀dù tó bá rọ́tà wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, bí a kò bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn tó ní irú rọ́tà bẹ́ẹ̀ lè ní kọ́kọ́rọ́ ilé wa.

Ẹ̀karùn-ún, tó sì ṣe pàtàkì jù, ni ti ẹ̀dà. Àwọn ọmọ náà sọ fún mi pé òfin iṣẹ́ àwọn ni pé kí ìwé owó wà ní ẹ̀dà mẹ́ta, kó wà lórí ohun ìkópamọ́ oríṣi méjì, kí ọ̀kan sì wà níbi tó jìnnà sí ìsọ̀. Kò tán síbẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa ṣí ẹ̀dà náà wò lóòrèkóòrè, nítorí ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò rí, a kò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀dà ni.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀dà yìí, ọ̀rọ̀ àwa àtìpó ni ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Láti ìgbà tí rélùwéè ti dé Kánò ní 1911 tí àwọn bàbá wa sì ti bá a wá, àwìn ni òwò wa. A fún Hausa láwìn, a fún Igbo láwìn, a fún ara wa láwìn. Ohun tí oníṣòwò àtìpó ní kì í ṣe ọjà tó wà lórí àtẹ nìkan. Èyí tó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ẹ́. Bí ìwé gbèsè bá sọnù, owó sọnù nìyẹn.

Àwọn àgbà tó wà láàárín wa rántí ọdún 1969. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi kúrò ní ilẹ̀ náà. Àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí àti Ìgbòho wà níbẹ̀, tí wọ́n ti ń ṣòwò láti ìgbà àwọn bàbá wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ha tó láti fi gba gbèsè ọ̀pọ̀ ọdún bí? Ọjà tó kù, wọ́n tà á ní ẹ̀dínwó. Ti gbèsè tó wà níta ńkọ́? Ẹni tí kò bá rántí, tí kò sì ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, kí ni yóò fi béèrè?

Ká fi ti Gánà sílẹ̀, ká wá sílé. Ní 2016, iná jó ọjà Sábó wa yìí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsọ̀ ló jóná mọ́jú. Gbogbo wa la sunkún ọjà tó jó. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn kan tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pàdánù. Iná jó ọjà wọn, iná tún jó ìwé gbèsè wọn. Àwọn onígbèsè tó láàánú wá sanwó fúnra wọn, Ọlọ́run yóò sì san án fún wọn. Àwọn kan bojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Ìwé dà?" Ẹ gbà mí gbọ́, kọ̀ǹpútà inú ìsọ̀ náà á jóná bí ìwé ṣe jóná. Ẹ̀dà tó wà níbòmíràn nìkan ni iná ọjà kò ní rí jó. Tí ọmọ kan bá ń rí sí i lóṣooṣù pé ẹ̀dà yẹn wà, tó sì ń ṣí i wò, ẹ tún máa bi í pé kí ló ṣe?

Ẹ jẹ́ ká wò ó síbí. Bí a bá ní kí nǹkan bàjẹ́ ká tó sanwó, kí ni a ń kọ́ ọmọ yẹn? Ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan ló ń jẹun, ẹ má retí kó gbàdúrà kí nǹkan má bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí iye owó rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà lóṣooṣù, ìgbà tí nǹkan kò bàjẹ́ gan-an ni èrè rẹ̀ yóò pọ̀, nítorí kò ní náwó ọkọ̀, kò ní dá iṣẹ́ ẹlòmíràn dúró. Ohun tó ń wù ú yóò wá jẹ́ ohun tó ń wù wá. Ọgbọ́n tó wà nídìí owó oṣooṣù nìyẹn, kì í ṣe ojúkòkòrò.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní, "Owó dà? Kọ̀ǹpútà ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n báwo là ń ṣe san owó ọlọ́dẹ ìlà ìsọ̀ wa? Ṣé kì í ṣe pé a ń dá a ni? Ká ní ìsọ̀ mẹ́fà tó wà lójú kan náà pa owó pọ̀, kí wọ́n gba ọmọ kan tí yóò máa yẹ tiwọn wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kò ní wọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn, ọmọ náà yóò sì rí owó tí yóò fi jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀.

Ó kù sọ́dọ̀ ẹ̀yin ọmọ náà. Ẹ má rò pé mo wá gbè yín lẹ́yìn. Ẹ̀yin náà ní ẹ̀bi, ẹ̀bi ńlá sì ni.

Àkọ́kọ́, páásíwọ́ọ̀dù kì í ṣe tiyín. Mégáàdì kì í mú kọ́kọ́rọ́ ilé lọ nítorí pé wọ́n jẹ ẹ́ lówó. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 sọ ọ́ kedere fún òṣìṣẹ́ pé tó bá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó kó gbogbo páásíwọ́ọ̀dù àti àṣẹ ìwọlé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún agbanisíṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ láìnídìí, ẹ̀ṣẹ̀ ló dá. Ẹ má sọ pé, "Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, iṣẹ́ ara mi ni mò ń ṣe." Ṣé iwájú adájọ́ lẹ fẹ́ lọ dán an wò ni? Bí wọ́n bá jẹ yín lówó, ẹ gbé wọn wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́, tàbí kí ẹ lọ sí kóòtù. Ẹ má ti ìsọ̀ mọ́ onísọ̀.

Èkejì, ẹ má ṣe ìlérí tí ẹ kò lè mú ṣẹ. Mo ti gbọ́ ọmọ kan tó ń sọ fún oníbàárà pé íntánẹ́ẹ̀tì kò ní lọ láéláé. Irọ́ ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà ńlá mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ nítòsí Abidjan, báǹkì dáwọ́ dúró, fóònù ń ṣe ségesège káàkiri Nàìjíríà. Ọmọ wo ní Sábó ló lè dí wáyà abẹ́ òkun? Ohun tí ẹ lè ṣèlérí ni pé bí ọ̀nà kan bá dí, òmíràn wà tí ẹ ti là sílẹ̀. Pé bí wọ́n bá pè yín, ẹ óò dáhùn láàárín wákàtí báyìí. Pé bí ẹ bá ń ṣàìsàn, ẹnì kan wà tó mọ ohun tí ẹ ṣe. Ìlérí tó bá níwọ̀n ló ń lọ́jọ́ lórí.

Ẹ̀kẹta, ẹ pa ẹnu mọ́. Ìwé àwọn aláìsàn wà lọ́wọ́ yín. Orúkọ ọmọ ilé ìwé àti fóònù àwọn òbí wọn wà lọ́wọ́ yín. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ará ìlú tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà 2023 kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ìwòsàn àti ilé ìwé, ẹ gbọ́ tiyín náà: òfin yẹn kò sọ pé ẹrù ti kúrò lórí yín nítorí pé ẹ gbé kọ̀ǹpútà fún ọmọ kan. Ó ní kí àdéhùn wà lákọsílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti ẹni tó ń bá yín tọ́jú ìsọfúnni náà. Bí ìsọfúnni bá jò síta lọ́nà tó lè pa ènìyàn lára, wákàtí 72 péré ni ẹ ní láti fi tó àjọ ìjọba tó ń bójú tó o létí.

Ó ti wá di ọ̀rọ̀ ìwé wàyí. Àwọn kan á ní, "Ọmọ ìlú wa ni, kí là ń kọ ìwé sí?" Nítorí pé ọmọ ìlú wa ni gan-an la ṣe gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹjọ́ tí mo sọ níṣàájú, ká ní ìwé wà ni, a kò ní jókòó wákàtí mẹ́ta lé e lórí.

Ìwé ojú ewé méjì tó. Kí wọ́n kọ iye ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ sí i, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Kí wọ́n kọ iye owó oṣooṣù àti ọjọ́ tí wọn yóò máa san án. Kí wọ́n kọ ohun tí owó náà kárí àti ohun tí kò kárí, nítorí rírà ẹ̀rọ tuntun yàtọ̀ sí títọ́jú èyí tó wà. Kí wọ́n kọ ibi tí ẹ̀dà ìwé owó wà àti ọjọ́ tí wọ́n ṣí i wò kẹ́yìn. Kí wọ́n kọ ọ́ pé gbogbo páásíwọ́ọ̀dù yóò wà nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, lọ́wọ́ oníǹkan, níbi tó jìnnà sí ọjà, kí wọ́n sì máa tún un kọ nígbà tí nǹkan bá yí padà. Lákòótán, kí wọ́n kọ bí wọn yóò ṣe túká bí ó bá di pé kí wọ́n túká: oṣù kan ìkìlọ̀, kí oníǹkan san gbèsè tó jẹ, kí ọmọ kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kó sì fi ọ̀nà han ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa náà níṣẹ́ láti ṣe, Hausa ló sì kọ́ mi ní ọgbọ́n rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí a ṣe ní Sábó tiwa ní Kánò ni àwọn náà ní Sábó tiwọn ní Ìbàdàn láti 1916. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Abner Cohen gbé láàárín wọn, ó sì kọ ìwé nípa wọn ní 1969. Ó ṣàlàyé bí darandaran àti oníṣòwò màlúù láti òkè ọya ṣe ń ta màlúù fún alápatà Yorùbá tí wọn kò mọ̀ rí, láwìn, tí ọkàn wọn sì balẹ̀. Mai gida ló wà láàárín. Òun ló gba àlejò sílé, òun ló mọ alápatà tó ṣeé fọkàn tán, òun náà ló dúró fún gbèsè. Bí alápatà bá sá lọ, ọ̀dọ̀ mai gida ni ẹlẹ́màlúù yóò ti gba owó rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òwò náà fi dúró.

Àwa ńkọ́? Gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Sábó yìí ló ń pàdé lóṣooṣù. A ń dá owó ìsìnkú, a ń dá owó ìgbéyàwó. Kí ló dé tí a kò lè ní ìwé kan tí orúkọ àwọn ọmọ wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí wà nínú rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní onídùúró méjì tí a mọ ilé wọn? Ẹni tó bá ti ìsọ̀ mọ́ oníbàárà, ká yọ orúkọ rẹ̀. Oníbàárà tó bá jẹ ọmọ lówó oṣù mẹ́ta láìsọ ìdí, ká ka orúkọ tirẹ̀ náà nípàdé. Nígbà náà, Hausa tó fẹ́ gba olùtọ́jú kọ̀ǹpútà yóò mọ̀ pé bí òun bá gba ọmọ Yorùbá láti Sábó, ẹnì kan wà tí òun lè mú. Iyì tí àwọn bàbá wa fi ta ọjà láwìn ní ìlú yìí fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún nìyẹn.

Ẹ óò fẹ́ gbọ́ bí ẹjọ́ ọjọ́ náà ṣe parí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì sílé. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà fún ariwo tí a pa lé e lórí, mo sì sọ fún un lẹ́ẹ̀kejì pé ohun tó ṣe kò dára. Mo sọ fún oníṣòwò náà pé èmi alára ṣẹ̀ṣẹ̀ san gbèsè oṣù mẹ́ta tí mo jẹ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alága, èmi nìkan kọ́ nìyẹn." Wọ́n kọ ìwé. Ọmọ kejì tó ní òun yóò ṣe é lówó pọ́ọ́kú ti rí i pé iṣẹ́ náà ju agbára òun lọ, ó ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Títí di òní, ọmọ àkọ́kọ́ ń lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó ń yẹ ohun gbogbo wò, kò sì sí ohun tó bàjẹ́. Wọ́n ń sanwó rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí òpin oṣù yìí tó pé, ẹ pe ọmọ tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà yín. Ẹ bi í léèrè mẹ́ta: Níbo ni ẹ̀dà ìwé owó mi wà? Ìgbà wo lo ṣí i wò kẹ́yìn? Èló ni mo jẹ ọ́? Bí ìdáhùn èyí tó gbẹ̀yìn bá tì yín lójú, ẹ tètè san án.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká tún rí iná ọjà mọ́. Kò ní jẹ́ kí wàhálà lé wa kúrò níbi tí a fi òógùn wa kọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń gbàdúrà, ẹ jẹ́ ká san owó ọlọ́dẹ. Ire o.